Kí ni kí n ṣe kí tráfíkétọ̀ má tún gbé mi ṣubú nínú ìdánwò máṣíìnì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún méje ni mo fi gun máṣíìnì n'Íbàdàn, iṣẹ́ dìsípááṣì ni mo fi ń ṣe, láti Bódìjà títí dé Challenge. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo ṣe CBT, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tó pọn dandan fún agunmáṣíìnì, mo yege ní Module 1, ìdánwò inú pápá, àmọ́ mo fìdí rẹmi ní Module 2, ìdánwò ojú títì, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Olùdánwò ní mo jáde ní ráńdàbáòtù, mi ò pa tráfíkétọ̀ òsì, ọkọ̀ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kékeré sì fẹ́ já lu mí. Àṣìṣe ńlá ló kọ fún mi. Ó tún kọ kékeré mẹ́ta, pé mo pẹ́ kí n tó tan iná nígbà kan, mo sì yára tan án jù nígbà méjì. Inú ń bí mi, torí mo mọ máṣíìnì gùn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ bí ọ̀nà ilé ṣe máa ń jìn lọ́jọ́ tí olùdánwò bá sọ fún èèyàn pé kò yege. Wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà rí, tráfíkétọ̀ ló sì fà á. Mo yà sí òsì dáadáa, mo wá ń lọ tààrà, iná òsì ṣì ń ṣẹ́jú. Obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kékeré níwájú. Ó rí iná mi, ó gbà pé ọ̀nà tòun ni mo fẹ́ yà sí, ló bá jáde. Bíréèkì ló yọ mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ojú obìnrin náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Kò ṣe ohun burúkú kankan. Ohun tí mo sọ fún un ló gbà gbọ́.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. O ní o mọ máṣíìnì gùn, mo gbà. Ẹni tó fi ọdún méje la Ìbàdàn kọjá lórí táyà méjì kò nílò kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ klọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gígùn ni olùdánwò bá ọ wí. Ọ̀rọ̀ tí o sọ ló bá ọ wí. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń fi àrókò ránṣẹ́, wọn kì í kàn ta owó ẹyọ mọ́ okùn kí wọ́n jù ú sójú títì. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń rán an sí, wọ́n sì mọ ohun tí onítọ̀hún máa kà nínú rẹ̀. Àrókò ni tráfíkétọ̀. Àrókò tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tàbí tó bá dé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán, ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìlú méjì. Lójú títì, ẹsẹ̀ ló ń ṣẹ́.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n rẹ̀. Ní Module 2, àṣìṣe kéékèèké tó 10 kò ní kéèyàn má yege, àmọ́ ẹyọ ńlá kan péré ti tó láti gbé e ṣubú. Tráfíkétọ̀ tí o gbàgbé lójú ọ̀nà tó dá páropáro lè jẹ́ àṣìṣe kékeré. Tráfíkétọ̀ kan náà yẹn, bí o bá gbàgbé rẹ̀ níwájú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń wá àyè láti jáde, ó di ńlá, torí ó ti ṣi ẹnì kan lọ́nà. Má sì fojú tín-ín-rín àwọn mẹ́ta yòókù, nítorí bí o bá ń tún irú àṣìṣe kékeré kan náà ṣe ṣáá, olùdánwò lè sọ ọ́ di ńlá. Lójú tèmi, gbòǹgbò kan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti hù: o ń tan iná nítorí pé wọ́n ní ká máa tan iná, kì í ṣe nítorí ẹni tó máa rí i.

Mi ò dá ọ lẹ́bi. Nílé, hóònù la fi ń sọ̀rọ̀ jù lọ. Lẹ́yìn hóònù, ọwọ́ ló kàn: èrò tó jókòó lẹ́yìn a na apá, a máa jù ú sókè sódò kí ọkọ̀ ẹ̀yìn lè dẹwọ́, bí kò bá sí èrò, ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ a na ẹsẹ̀. Ọgbọ́n ni, níbi tí iná ọ̀pọ̀ máṣíìnì ti kú tipẹ́. Èyí tí mo fẹ́ kí o gbàgbé pátápátá ni títan iná méjèèjì pa pọ̀ láti fi sọ pé tààrà ni mò ń lọ. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló gbà pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Rò ó wò: ẹni tó dúró lápá òsì rẹ, iná òsì rẹ nìkan ló rí. Ẹni tó dúró lápá ọ̀tún, iná ọ̀tún nìkan ló rí. O ti sọ fún ẹni méjì pé o ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, o ò sì lọ sọ́dọ̀ ìkankan. Bí o bá ń lọ tààrà ní oríta, má tan nǹkan kan. Àìtan iná náà jẹ́ ọ̀rọ̀.

Nǹkan mìíràn tó ń da àwọn tó ti Nàìjíríà, Benin tàbí Togo wá láàmú ni pé ọ̀nà yí padà mọ́ wọn lára. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Òsì ni Bìrìtìnì wà. Ojú ló máa ń tètè mọ èyí, ara kò tètè mọ̀ ọ́n. Nílé, yíyà sí ọ̀tún ló rọrùn, yíyà sí òsì ló ń gba ọ̀nà ẹni tó ń bọ̀ kọjá. Níbí, yíyà sí ọ̀tún ni ewu wà. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó tan iná ọ̀tún, tó tún rọra fẹ̀gbẹ́ sí etí òsì, torí pé nílé, etí títì ni ara rẹ̀ máa ń fà mọ́ bó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún. Iná rẹ̀ ń sọ ọ̀kan, àyè tó wà lójú ọ̀nà ń sọ òmíràn. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Bí o bá fẹ́ yà sí ọ̀tún, wo ẹ̀yìn, tan iná, kí o sì sún mọ́ ìlà àárín títì. Bí òsì bá ni, dúró sí òsì. Kí iná àti àyè rẹ máa jẹ́ ẹlẹ́rìí ara wọn.

Mo ní wo ẹ̀yìn kí o tó tan iná. Èyí kò ṣeé fò. Ẹni tó bá tan iná kó tó wo dígí ń bá ẹni tí kò rí sọ̀rọ̀ ni. Bóyá ẹnì kan ti ń sáré bọ̀ láti yà ọ́ sílẹ̀. Bóyá kẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì rẹ. Wo dígí kọ́kọ́, yí ọrùn wò bó bá yẹ, kí o tó pinnu. Lẹ́yìn tí o bá ti tan án, tí o sì ti mú àyè, ó ku ìwò kan ṣoṣo kí o tó yí ọwọ́ máṣíìnì: ìwò kíá lórí èjìká lápá ibi tí o fẹ́ yà sí. Lifesaver ni àwọn olùkọ́ níbí ń pè é, nítorí pé ó ń gba ẹ̀mí là, orúkọ náà kò sì pọ̀ jù fún un. Iná kò sọ ọ̀nà di tìẹ. Ìwé òfin ìrìnnà ibí, Highway Code, sọ ọ́ kedere pé títan iná kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọjá ṣáájú ẹlòmíràn.

Ó wá ku ìgbà tó yẹ ká tan án. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, mítà mélòó?" Kò sí iye mítà kan tí mo lè fún ọ tí kò ní já ọ kulẹ̀ níbì kan. Ohun tó wà láàárín ìwọ àti ibi tí o fẹ́ yà sí ni kí o wò. Bí olùdánwò bá ní kí o gba ọ̀nà kejì lápá òsì, tí o sì tan iná òsì kí o tó kọjá ọ̀nà àkọ́kọ́, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́ máa rò pé òun ni o ń bá wí. Mú àyè rẹ, dẹ eré, jẹ́ kí máṣíìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ náà kí o tó tan án. Bákan náà ni bí ó bá ní kí o dúró sí etí òsì, tí ọ̀nà kékeré kan sì wà kí o tó dé ibi tí ó dára láti dúró: kọjá ọ̀nà náà ná. Bí kò bá sí nǹkan kankan láàárín, tètè sọ̀rọ̀, kí ẹni ẹ̀yìn lè rí iná kó tó rí i pé o ń dẹ eré. Ibi tí a ti ń sá 30 máìlì ní wákàtí, mítà 13 lò ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ibi tó bá jẹ́ 20, bíi mítà 9. Iná tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí o tó yà kò tíì sọ nǹkan fún ẹnikẹ́ni.

Mo fura sí ohun tó mú kí o yára tan án jù nígbà méjì yẹn. Olùdánwò ń tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ ń wọ etí rẹ látinú akoto, ó ní, "Ya sí òsì ní ìyànà tó kàn." Ó ṣì jìnnà, ó fẹ́ kí o ní àyè láti múra ni. Ìwọ gbọ́ "òsì," àtàǹpàkò rẹ sì tẹ òsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ rán níṣẹ́. Àbúrò mi, kì í ṣe tráfíkétọ̀ ló rán ọ, ọ̀nà ni. Nígbà tí o bá gbọ́ ọ, dáhùn sínú, "Mo ti gbọ́." Wo iwájú, wá ìyànà náà rí, wo dígí, lẹ́yìn náà ni kí àtàǹpàkò tó gbé. Bí ó bá sì dé bíi ìṣẹ́jú 10 tó máa ní kí o dá lọ fúnra rẹ, tí o bá ṣìnà, fọkàn balẹ̀. Wọn kì í gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tó ṣìnà tó sì ń tan iná rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lójijì, tó já láti òsì sí ọ̀tún, òun ni wọ́n máa bá wí.

Ó wá kan ráńdàbáòtù, níbi tó ti ṣubú lé ọ. Nílé a máa ń yí i láti apá ọ̀tún, a sì ń wo òsì. Níbí a ń yí i láti apá òsì, ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀tún la sì ń jẹ́ kó kọjá. Bí o bá fẹ́ jáde ní ọ̀nà àkọ́kọ́ lápá òsì, tan iná òsì kí o tó wọ̀ ọ́, gba ojú ọ̀nà òsì, jẹ́ kí iná náà wà bẹ́ẹ̀ títí o fi máa jáde. Bí o bá ń lọ tààrà, má tan nǹkan kan bí o ti ń bọ̀. Nígbà tí o bá ti kọjá ọ̀nà tó ṣáájú tìrẹ, wo èjìká òsì, tan òsì, jáde. Bí ọ̀tún bá ni, tàbí o fẹ́ yí i po padà síbi tí o ti wá, tan ọ̀tún kí o tó wọ̀ ọ́, dúró lápá ọ̀tún, kí àtàǹpàkò sì gbé iná láti ọ̀tún sí òsì lẹ́yìn tí o bá ti kọjá ọ̀nà tó ṣáájú tìrẹ. Iná òsì tí a ń tàn láti jáde yìí ni àrókò tó wúlò jù nínú gbogbo ráńdàbáòtù, torí ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó tẹ̀ lé e ń wò ọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá o máa kọjá níwájú òun. Bí o bá pẹ́, ìwọ lo dá a dúró. Bí o bá yára jù, yóò jáde lù ọ́.

Tó bá jẹ́ ráńdàbáòtù kékeré tí wọ́n kàn fi ọ̀dà funfun kùn sílẹ̀, àyè kò pọ̀ tó báyẹn. Tan èyí tó ń sọ ibi tí o ń lọ kí o tó wọ̀ ọ́, kí o sì fi ọwọ́ rẹ sí ìkáwọ́ máṣíìnì dípò kí o máa wá bọ́tìnnì kiri láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì.

Wò ó, ọ̀rọ̀ rẹ kò sí nínú wíwọlé. O wọ̀ ọ́ dáadáa, o sì jáde dáadáa. Ẹ̀yìn tí o jáde ni. Inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bí o bá yí sítíárì padà, iná a pa fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo tàn án, ìwọ lo máa pa á. Àwọn tuntun kan wà tó ń pa á fúnra wọn, àmọ́ má gbé ẹ̀mí rẹ lé e lọ́wọ́. Lórí ọ̀pọ̀ jù lọ, bọ́tìnnì wà lápá òsì: tì í sí òsì tàbí sí ọ̀tún láti tàn án, tẹ̀ ẹ́ wọlé ní àárín láti pa á. Lórí àwọn Honda kan, wọ́n ti fi ibi hóònù àti ibi tráfíkétọ̀ ṣe pàṣípààrọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ lè fi hóònù dáhùn nígbà tí iná ló fẹ́ pa. Nítorí náà, máṣíìnì tí o máa fi ṣe ìdánwò gan-an ni kí o fi kọ́ ọ.

Ohun tó gbà mí ni pé mo sọ pípa iná di apá kan yíyà náà, mi ò kà á sí iṣẹ́ mìíràn mọ́. Kò tíì tán nígbà tí mo bá jáde. Ó di ìgbà tí máṣíìnì bá nàró, tí àtàǹpàkò sì tẹ bọ́tìnnì wọlé, kó tó tán. Mo tẹ̀ ẹ́ bóyá iná wà níbẹ̀ àbí kò sí, nítorí títẹ bọ́tìnnì tó ti kú tẹ́lẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Má gbẹ́kẹ̀ lé iná kékeré tó ń ṣẹ́jú níwájú rẹ láti rán ọ létí. Bí oòrùn bá bà á lójú, o ò ní rí i. Nígbà òtútù, ìbọ̀wọ́ nípọn, àtàǹpàkò kì í sì í mọ ohun tó fọwọ́ kàn. Lọ́jọ́ tí o bá ráyè, jókòó sórí máṣíìnì rẹ nínú ọgbà, pa ẹ́ńjìnnì, wọ ìbọ̀wọ́, di ojú, kí o tan òsì, pa á, tan ọ̀tún, pa á, títí o fi máa mọ ibẹ̀ bí o ṣe mọ ẹnu rẹ nínú òkùnkùn.

O lè béèrè nípa ọwọ́. Wọn kò ní ní kí o fi ọwọ́ ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ̀ ọ́n, torí iná lè kú lójú ọ̀nà. Na apá ọ̀tún tààrà fún ọ̀tún, na apá òsì tààrà fún òsì. Bí o bá fẹ́ dẹ eré, na apá ọ̀tún kí o máa gbé e sókè sódò, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sílẹ̀. Rántí pé ọwọ́ ọ̀tún ló di bíréèkì iwájú mú, òun náà ló ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Ṣe é kí o tó dé ibẹ̀, dá ọwọ́ padà, lẹ́yìn náà ni kí o tó tẹ bíréèkì. Má ṣe na ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó dúró sí etí títì náà kàn ọ́. Bí ọkọ̀ kan bá wà ní etí òsì, o ò nílò láti tan iná ọ̀tún ní gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Wo ẹ̀yìn, rìn lọ bí ẹni mọ ibi tó ń lọ. Tan án bí ẹnì kan bá wà lẹ́yìn tí yóò jàǹfààní rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tan án ṣáá kó má baà jìyà. Èmi kò gbà fún wọn. Ẹni tó bá ń tan iná fún gbogbo ọkọ̀ tó dúró máa fi ọ̀kan sílẹ̀ láìpa lọ́jọ́ kan.

Ìwọ náà sì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kékeré kí o tó jáde. Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ láti ọ̀tún pẹ̀lú iná òsì, rántí obìnrin inú ọkọ̀ tí mo sọ lókè. Má jáde nítorí iná nìkan. Dúró títí o fi rí i pé ó ti dẹ eré, tí táyà iwájú rẹ̀ sì ti ń yí.

Ọjọ́ iṣẹ́ 10 gbọ́dọ̀ kọjá kí o tó tún Module 2 ṣe, ó sì tó. Máa jáde láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí títì bá ṣófo, wá ráńdàbáòtù kan tí o mọ̀, yí i lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kà sílẹ̀ yẹn, kí o máa sọ ọ́ jáde nínú akoto ní Yorùbá: wo, tàn, wo, yà, pa. Ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀ náà, dárúkọ rẹ̀: "Fún ọkọ̀ pupa yẹn ni." Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, tan iná òsì, lẹ́yìn náà tan ọ̀tún, kí o sì rìn yí máṣíìnì po. Bí apá kan bá ń ṣẹ́jú kíákíá ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí gílóòbù kan ti kú lápá ibẹ̀. Pààrọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.